Aṣọ Pupa Lórí Àpáta

"Ẹ má tíì gbé e sókè, Màmá!"

Wassila di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú. Nísàlẹ̀ àpáta tí wọ́n dúró lé, ọ̀nà tóóró kan là láàárín òkúta méjì. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ń gbà wọ èbúté kékeré wọn. Bí òkun bá ti ru, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kì í rí ọ̀nà náà mọ́. Aṣọ pupa orí àpáta ló ń wò: bí wọ́n bá nà án sókè, ó lè wọlé nìyẹn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú Àlàájà Mbarka ni gbogbo èbúté fi ń ṣọ́ tiwọn. Béchir, ọmọ rẹ̀, ọkọ Wassila, ló ń dúró de aṣọ náà báyìí.

"Fi mí sílẹ̀!" Àlàájà jágbe mọ́ ọn. "Ọmọ oko ólífì, kí lo mọ̀ nípa òkun? Omi ti rọlẹ̀."

"Kò rọlẹ̀! Ìgbì ńlá ń bọ̀, Màmá!"

"Níbo? Mi ò rí nǹkan kan."

Kó tó pa ẹnu dé, ìgbì náà ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ pátápátá, ó fọ́n omi sí wọn lójú. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà yẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Wassila wo ẹyinjú rẹ̀ dáadáa.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Láti ìgbà ààwẹ̀." Àlàájà nu omi òkun kúrò lójú. "Etí ni mo fi ń ṣe é. Ọlọ́run ló ń kó wọn yọ."

Fóònù Wassila dún. Béchir ni.

"Ìyá Nejla, ṣé Màmá ti sùn lọ ni? Ẹ́ńjìnnì ti ń wúkọ́ o! Kò lè gbé mi dé èbúté Tabarka."

Wassila gba aṣọ náà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ òkun. Ìgbì kan fọ́. Òmíràn tún fọ́. Nígbà tí omi tẹ́jú díẹ̀, ó ké pe Ọlọ́run, ó na aṣọ sókè. Ọkọ̀ yí imú padà sí ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó tún lè dá a dúró. Wassila kò sọ aṣọ kalẹ̀ títí ọkọ̀ fi wọlé.

"Màmá!" Béchir ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀. "Ojú yín mà mú o!"

Wassila na aṣọ náà sí ìyá ọkọ rẹ̀ kíákíá. Kò fẹ́ ẹ lọ́wọ́ mọ́. Àlàájà kò gbà á.

"Àwọn apẹja yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn," ó ní. "Dúró dáadáa kí wọ́n lè rí ọ."