Ìborùn Abẹ́ Abíyá

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ti Sàláhúdéènì, àgbà pátápátá, ni kò tó o mọ́. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni èjìká òsì rẹ̀ ti gan. Bó bá ń kírun ní mọ́sálásí Asawase, àdúgbò rẹ̀ nílẹ̀ Aṣáńtì, ọwọ́ ọ̀tún a dé etí, tòsì a dúró láyà. Àìṣátù ìyàwó rẹ̀ ni ì bá máa fi òrí pa á lẹ́yìn èjìká, níbi tí ọwọ́ ara ẹni kì í dé. Ṣùgbọ́n Àìṣátù ti wọlẹ̀ sùn.

Ilé dákẹ́. Pápá gọ́ọ̀fù nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀, níbi tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ni. Òun àti Mùádh, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́, ni wọ́n jọ máa ń gbá a ní Sátidé. Àwọn ará Obuasi ń bọ̀ wá bá wọn figagbága, Mùádh sì fẹ́ mọ̀ bóyá Baba náà ni yóò ṣe ẹnìkejì òun, àbí kí òun mú Fuseini, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n pàdé ní pápá. Sàláhúdéènì ká ìborùn Àìṣátù, ó fi há abíyá òsì. Bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn: apá kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìbàdí ló ń kọ́kọ́ yí padà, àyà àti èjìká á tẹ̀ lé e, apá á wá tẹ̀ lé èjìká. Bí apá bá kúrò lára, ìborùn á já bọ́.

Ó gbé ọ̀pá sókè, ó fì í. Ìborùn já bọ́. Bó ti ń ṣìkẹ́ èjìká láti ọjọ́ yìí wá, apá ti kọ́ àdáṣe.

"Baba, apá yín ti kó jáde nílé o."

"Jẹ́ kó máa lọ. Ṣebí àwọn ọmọ mi náà ti kó jáde."

Mùádh ṣa ìborùn náà, ó gbọn koríko ara rẹ̀ dànù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí èjìká gbà ló yí i dé, kò fi agbára kún un. Ìbàdí yí, àyà yí, apá tẹ̀ lé wọn wọ́ọ́rọ́. Ìborùn kò mira. Bọ́ọ̀lù lọ tààrà, ó sì balẹ̀ létí odò tó yẹ kó fò kọjá, níhìn-ín.

"Ó tọ́, Baba," ni Mùádh wí. "Ó tọ́ gan-an."

"Kò kọjá odò."

Mùádh wo ilẹ̀. "Due, Baba," ló sọ, bí àwọn Aṣáńtì ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Mú Fuseini. Kó má ṣáà fi apá nìkan gbá a."

"Ẹ ó wá wòran?"

"Ta ni yóò bú yín bí n kò bá wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mùádh lọ. Sàláhúdéènì wọ ọkọ̀ èrò tòrotóró padà sí Asawase, ó fún ara rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìgbà tó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí ilẹ̀kùn ló tó mọ̀ pé ìborùn ṣì wà lábẹ́ abíyá òun. Láti pápá dé ilé, kò já bọ́.

Kò yọ ọ́. Ó jókòó sínú òkùnkùn, ó fún un mọ́ra.