Ọ̀nà Tí Ẹsẹ̀ Bàbá Ń Kà

Láti ìgbà tí ojú bàbá ti fọ́ ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti di ìrìn àjò fún un. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fà á lọ́wọ́, kò lè dé ìdí òdòdó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ọ̀rọ̀ náà ń dun ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, wọra. Lọ́jọ́ kan, ó ra àpò sìmẹ́ńtì kan, ó kó yanrìn jọ, ó fi òróró pa inú àwọn abọ́ ìfọṣọ àtijọ́, ó ní òun máa mọ òkúta tí bàbá yóò máa tẹ̀ lọ síbẹ̀.

Bíríkìlà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yọjú lórí ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí aránṣọ, sìmẹ́ńtì kì í ṣe aṣọ o! Bó bá sán, kò sí abẹ́rẹ́ tó máa rán an."

Lóòótọ́, nígbà tó yí abọ́ dà lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ fọ́ yángá. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Po òmíràn, kí n fọwọ́ kàn án," ni bàbá wí. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mi orí. "Omi ti pọ̀ jù. Ṣé ọbẹ̀ lò ń sè ni? Jẹ́ kó ki. Kó o sì fara balẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Aránṣọ gbọ́ràn. Kí àwọn òkúta náà tó le, ó fi òòyà fa ìlà sára mẹ́rin, ó tẹ bọ́tìnnì sára ọ̀kan, ó tẹ okùn sára èyí tó kẹ́yìn. Ó da àpò tútù bò wọ́n, ó ń wọ́n omi sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò sí èyí tó sán.

Lọ́jọ́ tó tò wọ́n tán, bàbá bọ́ bàtà. "Má mú mi o!"

Ọwọ́ aránṣọ fẹ́ yọ lọ dì í mú, ó yáa kó méjèèjì sẹ́yìn.

"Ìlà," ni bàbá ń wí bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n lọ, "ìlà... ìlà... Háà, bọ́tìnnì! Ibí ni mo ti máa yà." Ó yà. "Ìlà... okùn!" Ó dúró, ó na ọwọ́, òdòdó kún un lọ́wọ́.

"Mo dé o!" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. "Èmi nìkan ni mo dé!"

Lórí ògiri, bíríkìlà ṣí fìlà. "Àǹtí, mo túúbá. Ọ̀gá ni yín."

Ẹ̀rín àti ẹkún pàdé lẹ́nu aránṣọ. Bàbá kò tilẹ̀ gbọ́ tiwọn. Ó ti yíjú padà, ó tún ń bọ̀, ó gbé àyà sókè bí ọba.