Kọ́kọ́rọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù Ìwé

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ùsì-Èkìtì mọ̀ pé n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé girama wa, èmi náà ni wọ́n sì fi ilé-ìkàwé lé lọ́wọ́. Lójú mi, Mísìs Ẹlúyẹmí ni àwọn ọmọ ń pè mí. Lẹ́yìn mi, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni. Mo mọ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi nígbà náà.

Oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tó wà ní Èkó àti òkè òkun fi igba ìwé ìtàn ránṣẹ́, wọ́n ní kí a fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé kíkà. Ìwé tuntun ni gbogbo wọn, èèpo ẹ̀yìn wọn ń dán. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bí àwọn bá wálé fún Kérésì, àwọn á wá wò ó. Ibi tí mo gbọ́ dé nìyẹn, n kò gbọ́ ìyókù.

Nílé tí mo ti dàgbà, àwo àlejò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ìyá mi. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Inú ike la ti ń jẹun. Bí Bíṣọ́ọ̀bù kò bá wá, àwo yẹn kò ní jáde. Ohun tí mo fi ṣe àwọn ìwé náà gan-an nìyẹn. Mo fi ọ̀rá wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í pa. Bó bá di Ọjọ́rú, màá mú mẹ́wàá jáde, àwọn ọmọ á kà wọ́n lójú mi fún ogójì ìṣẹ́jú, màá sì gbà wọ́n padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìwé lọ sílé. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Kí ẹ lè lọ ta ọbẹ̀ sí i, àbí?"

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé pẹ̀lú ìyá ìyá rẹ̀ nítòsí ọjà, kì í tọrọ ju ìwé kan ṣoṣo lọ. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó sọnù lọ́nà oko ni, tó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù karùn-ún, mo ka iye ìwé tí mo gbà padà, ó dín ọ̀kan. N kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Ilé Kíkẹ́lọmọ ni mo gbà lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni mo bá wọn. Ojú ìyá àgbà náà ti fọ́, ó ń fọwọ́ bó ẹ̀gúsí, Kíkẹ́lọmọ sì ń ka ìwé náà, ó ń yí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sí èdè Èkìtì fún un. Mo dúró gbọ́ díẹ̀. Kí n má parọ́, ó dùn ju ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n mo ti bínú láti ilé-ìwé wá, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbínú jù sílẹ̀. Mo já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ìyá àgbà na ọwọ́ síbi tó rò pé mo wà. "Tísà, jọ̀ọ́. Ọmọ ọ̀hún è tíì dé ulé. Jẹ́ ó kà á tán."

"Ìwé ìjọba ni, mà," ni mo fèsì. Irọ́ sì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ilé-ìwé tò sórí ìlà fún àdúrà, mo pe Kíkẹ́lọmọ jáde, mo pè é ní olè. Kò sunkún. Ó wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́ lọ́sàn-án, ó kúnlẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ kí n ka ìparí rẹ̀ níbí, lójú yín. Màmá ò yéé bi mí."

Mo ní ó di ìgbà tí àwọn tó ni ìwé bá dé. Láti ọjọ́ náà, kò wá sí ilé-ìkàwé mọ́.

Àwọn tó ni ìwé dé lóṣù kejìlá. Adéwálé, ẹni tó ṣíwájú wọn, dúró tì mí, mo sì fi ìgbéraga ki kọ́kọ́rọ́ bọ kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo rẹ̀ ń dán lójú. Ó fa ọ̀kan yọ, erùpẹ̀ sì dà sílẹ̀ láti inú ọ̀rá. Ikán ti gba ara ògiri wọlé nígbà ìsinmi gígùn, ó ti jẹ wọ́n tán láti ẹ̀yìn; n kò sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà ìsinmi náà, kí ìwé má baà gbó kí àlejò tó dé.

Adéwálé kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Mà, ṣé àwọn ọmọ tiẹ̀ kà wọ́n kó tó ṣẹlẹ̀?"

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Mo wá ìwé ọmọ tó sọnù náà. Iwájú rẹ̀ ṣì ṣeé kà, ìparí rẹ̀ ti di erùpẹ̀. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ti fi kọ́ ọmọ tó pọ̀.

Adéwálé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìwé mìíràn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ti ọmọ tó sọnù kò sí nínú wọn. Kò sí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Àwọn ọmọ ń mú ìwé lọ sílé, ọbẹ̀ sì ń ta sí i lóòótọ́. Kíkẹ́lọmọ nìkan ni kò wá. Ó dùn mí débi pé ní Sátidé tó kọjá, mo lọ bẹ̀ wọ́n. Ọmọ náà kí mi, ó gbé àga fún mi, ó sì wọlé lọ bu omi.

"Màmá, mo ṣẹ̀ yín," ni mo wí.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán, Tísà. Sọ fún mi ná. Ọmọ ọ̀hún dé ulé?"

Odidi oṣù mọ́kànlá ni igba ìwé fi wà níkàáwọ́ mi, n kò ka ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

"Ó dé ilé, mà," ni mo wí.

"Olúwa ṣeun." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ta ló ṣí ulẹ̀kùn fún un?"

Kíkẹ́lọmọ ti gbé omi dé. Ó rọra gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó sì jókòó ti ìyá àgbà kí òun náà lè gbọ́.