Ìpín Kẹ́hìndé

Ìwé a máa dí ojú ẹlòmíràn. Mi ò bú Dókítà Adégbénró o. Ọmọlúwàbí ni, Bódìjà ló ń gbé, ọkọ̀ ìjàpá ló ń wà, jẹjẹrẹ tó ń wú ọmọdé lẹ́rẹ̀kẹ́ ló sì fi ọdún mẹ́sàn-án wádìí láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1966 yẹn, ìwé ló dí i lójú.

Ní oṣù Máàṣì, Àmúdàtù tó ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá kó àwọn ìbejì rẹ̀ ọlọ́dún méje wá sọ́dọ̀ Dókítà ní ọsibítù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé ti wú débi pé eyín rẹ̀ ń mì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe Kẹ́hìndé. Àwọn méjèèjì jọra débi pé, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, ìyá wọn gan-an lè ṣì wọ́n pè. Dókítà ní kó máa kó wọn wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí òun máa gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò. Ó wá fún un ní ìgò oògùn kan, hóró kan fún Táyé láràárọ̀.

"Ìyá Ìbejì, oògùn líle ni o. Ẹ má jẹ́ kó fò ó lọ́jọ́ kan."

"Mo gbọ́, Dókítà. Kò ní fò ó."

Oògùn yẹn ti yọ́ wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ti Táyé kò yọ́. Èyí tó tún ya Dókítà lẹ́nu jù ni ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé. Àwọn hóró funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ-ogun tó ń bá àìsàn jà, ń dín kù lára ọmọ tí kò ṣàìsàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n dín. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n dín sí i.

Bàbá Gbádérọ̀, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń bá a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, gbójú kúrò lẹ́nu máíkírósíkóòpù. "Ọ̀gá, ọmọ tí ara rẹ̀ le la pe èyí? Ẹ jẹ́ ká dá a dúró sí ọsibítù."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ ná, Bàbá."

Kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Ó ti gbà pé òun rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí: pé jẹjẹrẹ náà wà nínú àbùdá tí àwọn ìbejì jọ ní, pé ó ti ń jí bọ̀ lára èkejì. Ó ti ń kọ ìwé lé e lórí láti fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí iṣẹ́ náà pé. Ẹ̀rù ohun tó ń ṣe ọmọ náà ń bà á, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n adùn ìwé náà ju ẹ̀rù lọ.

Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ keje, Àmúdàtù kò wá. Dókítà dúró títí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ Sátidé, ó wakọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Kẹ́hìndé wà lórí ẹní, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Àmúdàtù kúnlẹ̀ ti àwo kan, ó fi ọ̀bẹ la hóró oògùn sí méjì, ó wá fi apá kan wọn èkejì kí ìrẹ́jẹ má baà sí níbẹ̀. Ó fún Táyé ní ààbọ̀. Ó mú ààbọ̀ tó kù, ó sì gbé orí Kẹ́hìndé sókè.

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Mi ò jẹ́ kó fò ó lọ́jọ́ kan," ló wí. "Ibà tó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni kò jẹ́ ká lè wá lánàá."

Dókítà wá rí ohun tó ń pa àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé: ààbọ̀ oògùn líle yẹn ni. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í fún Táyé ká má fún Kẹ́hìndé? Èyí tí a kò fún á bínú, á padà síbi tó ti wá. Òun alára, Ìdòwú ni, ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ kò fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àkàrà rí kó má là á sí méjì lójú rẹ̀. Ohun tó mọ̀ láti kékeré ló lọ ń wá nínú àbùdá. Ó gba ààbọ̀ oògùn náà lọ́wọ́ ìyá, ó gbé Kẹ́hìndé sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Kò sọ ìdí.

Ibà tí ọmọ mìíràn á fi ọjọ́ méjì lé dànù, kò sí ọmọ-ogun kankan mọ́ tí yóò bá a jà. A kì í sọ pé ìbejì kú. Kẹ́hìndé lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ajé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Àmúdàtù mú Táyé wá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà tún ti wú sí i. Dókítà bi í bó ṣe ń fún un lóògùn.

"Bí mo ṣe ń ṣe é náà ni. Mò ń là á, mo sì ń gbé ti Kẹ́hìndé sílẹ̀ fún un. Ẹni tó lọ sọ́jà ṣì ní ìpín."

Dókítà wọ inú lọ. Ìwé Lọ́ńdọ̀nù wà lórí tábìlì, ó da ojú rẹ̀ dé. Ó pẹ́ kó tó jáde, ìgò méjì ló sì mú bọ̀: oògùn wà nínú ọ̀kan, hóró ṣúgà lásán tó jọ oògùn náà wà nínú èkejì.

"Èyí ni ti Táyé, odindi kan láràárọ̀. Èyí ni ti Kẹ́hìndé, odindi kan. Ẹ má là wọ́n mọ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́."

Àmúdàtù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn tiyín náà, Dókítà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti wà lẹ́nu mi pé kí n tọrọ méjì lọ́wọ́ yín. Ojú ló tì mí."