Kíndìnrín Mùktárù

Ohun tí ẹ ti ń rò nípa ọkọ tó ń pariwo ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ káàkiri àdúgbò, òótọ́ ni. Ẹ ò ṣì í rò. Ariwo náà ni gbogbo ìfẹ́ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n irọ́ Mùktárù kì í ṣe irọ́ yẹpẹrẹ. Irọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló sì lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Kíndìnrín méjèèjì Salimat ti daṣẹ́ sílẹ̀, ìtọ̀ ò jáde mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Dọ́kítà kò fi bò fún wọn: ẹ̀rọ ò lè máa bá a lọ títí, ọkàn obìnrin náà ti ń rẹ̀. Kí wọ́n tètè wá ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, tó máa yọ̀ǹda kíndìnrín kan fún un, kó tó pẹ́ jù.

Mùktárù dìde lórí àga, ó fọwọ́ lu àyà. "Èmi ọkọ rẹ̀ ni. Tèmi ni kẹ́ ẹ yọ."

Ì bá dára ká ní ó parí síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe korobá àti búútà oníke ní Ìsọlọ̀, níbi tó ti jẹ́ súpáfáísọ̀, ti gbọ́. Ní ọjọ́ Sunday, wọ́n gbọ́ ọ ní àsálátù. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì wọn gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú o, Bàbá Ashraf. Ọkọ bíi tiyín ti tán láyé."

Mùktárù á dorí kodò bí ẹni tí ìyìn ń tì lójú, á ní, "Kí la wá sáyé wá ṣe, Ìyá?" Á wá dúró díẹ̀ sí i, bóyá wọ́n á tún fi kún un.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Tí ọkọ bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹrù níwájú ayé, ta ló tó gbà á kúrò lórí rẹ̀? Salimat ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Àǹtí Àjíbíkẹ́, tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ní Mafoluku. Ọjọ́ tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ ló ti fẹ́ sọ pé òun á fún àbúrò òun ní ọ̀kan. Ìyá wọn ní Ìṣẹ́yìn ló fà á létí lórí fóònù: "Kí wọ́n lè sọ pé ìdílé ìyàwó fojú ọkọ gbolẹ̀, àbí? Ọkọ rẹ̀ ti ní òun á ṣe é. Pa ẹnu rẹ mọ́." Ó pa á mọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi bu ọlá fún ọkọ, tí Salimat sì ń rù.

Nínú oṣù mẹ́jọ náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò ju wákàtí kan lọ, Mùktárù ò ráyè lọ ṣe é. Wọ́n ń ka ọjà ní ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀fìnkìn. Nígbà tí wọ́n fún un ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó ní ààwẹ̀ Mọ́ńdè ni òun ń gbà. Ọkùnrin tí kì í gba ti Ràmàdáànì pé!

Ẹ ò sì ní gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé Salimat ló ń jí ní ìdájí, tó ń wẹ̀ fún Ashraf àti Roqeebah, tó ń gbé ìrẹsì kaná, tó ń fi ẹsẹ̀ tó wú bí ìṣu rìn lọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Orí ẹ̀rọ yẹn gan-an ló ti ń gán bọ́tìnì mọ́ yúnífọ́ọ̀mù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán, nítorí pé kò fẹ́ jókòó lásán. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń yípo nínú rọ́bà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

Dọ́kítà ti wọn omi fún un, ife méjì péré lóòjọ́. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ di èèwọ̀. Àwọn tó ń wá kí i ò mọ̀, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti mọ́ọ̀tì ni wọ́n ń kó wá. Mùktárù á jókòó dojú kọ ìyàwó rẹ̀ tí ètè rẹ̀ ti gbẹ, á ṣí mọ́ọ̀tì tí omi tútù ń sun lára rẹ̀, á gbé e mì gbì-gbì-gbì, á jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, á wá gùnfẹ̀ tí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ á gba yàrá.

"Nǹkan ò gbọdọ̀ ṣòfò," ni yóò wí, á nu ẹnu.

Ikùn rẹ̀ yọ. Ṣòkòtò méjì ni kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ó tún máa ń ya fọ́tò. Rọ́bà tí wọ́n fi ń so Salimat mọ́ ẹ̀rọ wà ní ọrùn rẹ̀, wọ́n fi bándéèjì bò ó.

"Yí ọrùn sọ́tùn-ún díẹ̀, kí wọ́n lè rí rọ́bà yẹn."

"Ó ń dùn mí, Bàbá Ashraf."

"Ṣé mo ní kó má dùn ọ́ ni? Sáà yí i. Má rẹ́rìn-ín o! Ta ló ń rẹ́rìn-ín nínú àìsàn?"

Ó gbé e sórí WhatsApp kí tíì tí wọ́n bù fún un tó tutù. Àǹtí Àjíbíkẹ́ rí i ní Mafoluku, ó ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó pè é.

"Bàbá Ashraf, ẹ kú iṣẹ́ ẹnu o. Àìsàn ń mu ọmọ wa, ẹ̀yin lẹ̀ ń sanra. Ọ̀la, èmi fúnra mi ni mo máa wá fi ọwọ́ fà yín lọ ṣe àyẹ̀wò náà."

Ó wá lóòótọ́. Ó fà á láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, wọ́n sì ti jókòó sínú ọkọ̀ kejì tó máa gbé wọn dé ọsibítù nígbà tí Mùktárù bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Àǹtí, ẹ bá mi mú fáìlì yìí dání. Mo fẹ́ sáré ra háńkáṣíìfù."

"Háńkáṣíìfù? Ọsibítù là ń lọ o, a ò lọ síbi òkú."

"Mò ń bọ̀, Àǹtí. Ìṣẹ́jú kan."

Ó sọ̀kalẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, èrò Òṣòdì gbé e mì. Ọkọ̀ kún. Awakọ̀ wẹ̀yìn. "Màdámù, ẹnì kejì yín ńkọ́?"

Àǹtí Àjíbíkẹ́ wo ibi tó gbà lọ, títí tí ìríra fi kún un lẹ́nu bí itọ́ ewúro. Ó tutọ́ sí ìta fèrèsé.

"Mi ò ní ẹnì kejì. Máa lọ."

Nígbà tó dé ọ̀hún, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n fa ti òun. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, wọ́n sọ fún un pé ó bá ti àbúrò rẹ̀ mu. Ìyá wọn ò sọ̀rọ̀ ojú ọkọ mọ́. Ó ta ilẹ̀ bàbá wọn ní Ìṣẹ́yìn, ó fi owó náà ránṣẹ́ sí ọsibítù.

"Ṣé kí n sọ fún ọkọ rẹ, àbí kí n sọ ọ́ sí i lójú?" Àǹtí Àjíbíkẹ́ bi àbúrò rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Ọkọ mi ni. Èmi ni mo máa sọ fún un."

Ọjọ́ tó fẹ́ sọ ọ́, Mùktárù wà níwájú dígí. Màdáàmù Ọláfimíhàn, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ wọn, ti ní kó wá bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Fúráìdeè lórí bí èèyàn ṣe lè mú iṣẹ́ àti ilé pọ̀ nígbà ìṣòro. Látìgbà náà ni kò ti mọ ohun mìíràn.

"Bàbá Ashraf, mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Jẹ́ kí n parí ibi tí mo ti máa sunkún."

Salimat jókòó sí etí ibùsùn, ó ń wò ó. Mùktárù sunkún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó mú fìlà, ó lọ gẹrun.

Ní ọjọ́ Sunday, Salimat kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mafoluku, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti máa ń dá a dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nígbàkigbà tí omi bá kún inú rẹ̀, Mùktárù ò bèèrè. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ sórí WhatsApp ránṣẹ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó fi àwòrán ọwọ́ tó ń gbàdúrà dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lóhùn. Kò tẹ ìkankan nínú wọn gbọ́.

Ní ọjọ́ Fúráìdeè, yàrá ìjẹun ilé-iṣẹ́ kún fọ́fọ́. Mùktárù sọ bí òun ṣe ń jí kí ìrun àsúbàá tó pé, bí òun ṣe ń se oúnjẹ, bí òun ṣe ń wẹ̀ fún ọmọ, síbẹ̀ tí òun kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ní ẹ̀yìn yàrá pátápátá, Olúbọ̀wálé tó ti ń ṣe iṣẹ́ òru dípò Mùktárù láti bí oṣù mẹ́rin fẹnu kò sí etí ẹnì kejì rẹ̀. "Tóò. Ẹ̀mí àìrí ló ń dúró ti ẹ̀rọ korobá lóru, kì í ṣe èmi."

"Dákẹ́ jàre, ó ti fẹ́ sunkún."

Ó sunkún lóòótọ́, ibi tó fi í sí gan-an. "Ara kan náà ni wá. Kíndìnrín mi, tirẹ̀ ni. Mo kàn ń bá a gbé e ni."

Àwọn obìnrin tó ń to búútà bú sẹ́kún. Màdáàmù Ọláfimíhàn náà nu ojú, ó dìde.

"Ọ̀gbẹ́ni Mùktárù, ó yẹ kí ìyàwó yín gbọ́ àtẹ́wọ́ yìí. Ẹ pè é. Ẹ fi í sí sípíkà."

Kí ni ìbá dùn ju ìyẹn lọ? Mùktárù pè é, ó gbé fóònù sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Wọ́n gbé e.

"Ìyàwó mi ọ̀wọ́n," ó fi ohùn tí kì í lò nílé, "gbogbo ilé-iṣẹ́ wa ló ń gbọ́ ọ o. Sọ fún wọn. Ta ló máa fún ọ ní kíndìnrín?"

Màdáàmù Ọláfimíhàn ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún àtẹ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ashraf." Ohùn Salimat rọra jáde, ṣùgbọ́n ó já gaara. "Wọ́n ti ṣe é láti Mọ́ńdè. Ti Àǹtí mi ni wọ́n fi sí mi. Ìtọ̀ ti ń jáde."