Ààyè Bàbá Káfíńtà

Nígbà tí Kòrónà dé tí wọ́n ti ilé ìjọsìn pa, kò sí ọmọ ìjọ Àgùdà kan ní Èjìgbò tí kò kẹ́dùn. Àwọn kan ń gbọ́ Mísà lórí rédíò. Àwọn mìíràn gbé fóònù ọmọ wọn ti ìgò omi, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n sì ń dá Fadá lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn padà, òfin tó bá a dé pọ̀ ju òfin Mósè lọ. Kí kálukú fi ìbòmú bo imú. Kí kálukú fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí omi mímọ́ nínú àwo mọ́, kò sí bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ nígbà àmì àlàáfíà, àtẹ́lẹwọ́ sì ni gbogbo ènìyàn yóò ti máa gba Ara Olúwa, títí kan àwọn ìyá àgbà tó jẹ́ pé ahọ́n ni wọ́n ti ń gbà á láti kékeré.

Èyí tó le jù ni ti ìjókòó. Olúrántí, olórí àwọn wọ́dìn tó ń fi ìjọ sí ìjókòó, gbé òdà pupa, ó sì fa àmì ìdábùú sára bẹ́ńṣì gbogbo. Ibi tí òdà bá wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìdí kàn án. Ìjọ ráhùn. Tọkọtaya ń wo ara wọn láti òkèèrè bí àna tó ń jà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ dùn. Àbẹ̀bí ni, opó Jósẹ́fù Ògúnrìndé, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá Káfíńtà. Ọkọ rẹ̀ ló kan gbogbo bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Láti ọjọ́ tó ti kàn wọ́n tán, bẹ́ńṣì kẹta lápá ọ̀tún ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí, ọkọ ní ìkángun lápá ògiri, ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀. Ọdún tó ṣáájú Kòrónà ni Jósẹ́fù kú.

Láti ìgbà náà ni Àbẹ̀bí ti ń jà fún ààyè yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, àwọn wọ́dìn á dé, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún wọlé díẹ̀." Àbẹ̀bí á gbé àpò rẹ̀ sí ìkángun, á ní èèyàn wà níbẹ̀. Wọ́n á wò yíká, wọn ò ní rí ẹnikẹ́ni, ojú á sì tì wọ́n. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá jókòó síbẹ̀, ọjọ́ náà ni ìjọ gbàgbé Jósẹ́fù. Ìlẹ̀kùn ilé ti gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀, igi tó fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọọṣẹ́ ti lò ó tán. Ibi tó kù nìyẹn.

Kòrónà wá dé, òdà pupa Olúrántí sì bọ́ sórí ìkángun yẹn gan-an. Ìjọba àpapọ̀, Bíṣọ́ọ̀bù, àti Fadá pa pọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Kí ni èèyàn tún ń fẹ́? Kò pẹ́ tí Màmá Káfíńtà fi di ẹni tó ń pa òfin mọ́ jù nínú ìjọ. Ó ń mú téèpù tí ọkọ rẹ̀ fi ń wọn pákó wá sí Mísà. Bí àwọn akọrin bá sún mọ́ra jù, á dìde, á wọn àárín wọn, á sì wo Olúrántí títí yóò fi dá sí i. Fadá fúnra rẹ̀ máa ń rọra sún sẹ́yìn bó bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Sìdíkàt, aládùúgbò rẹ̀ tó dé láti Abijàn, fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní ní mọ́ṣáláṣí tàwọn, ojú ń kán gbogbo èèyàn pé kí ejìká tún lè kan ejìká.

"Màmá, nínú gbogbo Èjìgbò, ẹ̀yin nìkan ni Kòrónà ṣe lóore."

Àbẹ̀bí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ a máa lópin. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn Mísà, Fadá kéde pé òfin ìjókòó ti kúrò. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, Olúrántí gbé kẹrosíìnì àti àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu òdà. Nígbà tó dé bẹ́ńṣì kẹta, Àbẹ̀bí ti jókòó síbẹ̀ dè é.

"Fi tibí sílẹ̀," ó wí.

"Màmá, òfin ti kúrò."

"Ta ló mú un kúrò?"

"Bíṣọ́ọ̀bù ni, mà."

"Bíṣọ́ọ̀bù kì í jókòó síbí."

Ọmọ ilé-ìwé ni Olúrántí nígbà tí Jósẹ́fù ń kan bẹ́ńṣì wọ̀nyí, òun ló sì ń bá a mú ìdí pákó. Ó ká àkísà rẹ̀, ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun lè fi òdà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ó kọjá sí bẹ́ńṣì kẹrin.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan dúró síta. Àbẹ̀bí gbé àpò sórí òdà, ó gbójú lé iwájú. Ẹni mẹ́ta bi í, ó dá ẹni mẹ́ta lóhùn pé èèyàn wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin kan wọlé láti ẹ̀gbẹ́, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀. Àbẹ̀bí mọ̀ ọ́n. Fáfúnmi ni, láti Ìsùndunrin. Ọkọ rẹ̀ kú ní àárín Kòrónà gan-an, ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n gbà láàyè níbi ìsìnkú, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ dì mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni kò ti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Fáfúnmi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ láti bẹ́ńṣì kan dé òmíràn, ó ń wò. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ńṣì kejì, ó dúpẹ́, kò jókòó. Wọ́n tún sún fún un lọ́wọ́ ẹ̀yìn, kò jókòó. Àbẹ̀bí ń wò ó. Ó rí i pé ojú obìnrin náà ń wá ibi tí yóò gba ẹni méjì, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àbẹ̀bí gbé àpò rẹ̀ sórí itan. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bó bá rò ó, kò ní ṣe é. Ó sún wọlé, ó jókòó sórí òdà pupa, ó sì fọwọ́ gbá ààyè tirẹ̀.

"Wá jókòó, ìyá. Mo mọ ẹni tí o ń wá ààyè fún."

Fáfúnmi jókòó.

Mísà bẹ̀rẹ̀. Àbẹ̀bí gbójú sókè láti wo Fadá, ọ̀wọ̀n ló rí. Ọ̀wọ̀n ńlá kan ṣoṣo, tó dúró gbọn-in láàárín òun àti pẹpẹ. Ó nàgà, ọ̀wọ̀n ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ̀n náà ni. Àfi ìgbà tó tẹ̀ sí ọwọ́ òsì, tí ejìká rẹ̀ fi kan ti Fáfúnmi, kó tó rí ìdajì Fadá.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Jósẹ́fù fi tẹ̀ sí òun lára láti Ẹ̀bẹ̀ Àánú títí dé ìbùkún ìgbẹ̀yìn. Ó ti fi í yangàn níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, pé ọkọ òun fẹ́ràn òun débi pé kò lè jókòó ṣánṣán. Ọ̀wọ̀n ni, ní tòótọ́! Ẹni tó kan gbogbo bẹ́ńṣì, tó mọ ibi tó ti dára jù láti rí pẹpẹ, òun ló mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sẹ́yìn ọ̀wọ̀n, tó sì ní, "Àbẹ̀bí mi, bọ́ síbí."

Ẹ̀rín pa á. Ó bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń mì, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Fáfúnmi rọra bi í bóyá kò sí nǹkan.

"Mi ò rí Fadá ni," Àbẹ̀bí wí.

"Ẹ fara tì mí dáadáa, ẹ ó rí i."

Ó fara tì í. Ìdajì Fadá ló rí títí Mísà fi parí.