Máṣìnnì Búrẹ́mọ̀ àti Dàda

Iṣẹ́ tí ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Ọláyídé ń ṣe ní Èrúwà máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Alùpùpù àtijọ́ ló ń wá kiri, àgàgà irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà oko: táyà wọn ní eyín gbọ̀ngbọ̀n, madigáàdì iwájú ga kúrò lórí táyà, sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde sì gba ẹ̀gbẹ́ ìjókòó lọ sókè kí omi odò má baà wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n pa wọ́n tì sí. Ọláyídé á rà wọ́n, á tún wọn ṣe, á ya fọ́tò wọn sórí fóònù, àwọn tó ń kó irú wọn jọ á sì wá láti Ìbàdàn àti Èkó wá rà wọ́n. Ilé iṣẹ́ kò ṣe irú wọn jáde mọ́. Ìyẹn ló sọ wọ́n di ohun tí àwọn ènìyàn ń dù.

Ní ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínyẹlé pè é láti Ìbàdàn. Ó ní òun ń wá Yamaha kan, irú èyí tí bàbá òun gùn nígbà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Bí Ọláyídé ṣe wò ó báyìí, ó mọ̀ pé òun ti rí férémù yẹn, egungun máṣìnnì náà, rí. Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà ló wà. Àwọn adìyẹ ló ń sùn lórí rẹ̀.

Ó lọ sílé ní Sátidé. Búrẹ́mọ̀ bàbá rẹ̀ kò bá a jiyàn rárá, ó ní kó máa gbé e lọ, irin lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọláyídé béèrè ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, bàbá dìde, ó wọlé, kò sì jáde mọ́ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Mùjídàt, ìyá rẹ̀, ló wá sọ ọ́ fún un níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Búrẹ́mọ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Dàda ará Ayete, ló jọ ra máṣìnnì náà nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Òun ni wọ́n fi ń lọ oko, òun ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Bí ọ̀kan bá lò ó lónìí, èkejì á lò ó lọ́la. Lọ́jọ́ tí Mùjídàt bẹ̀rẹ̀ sí rọbí lóko, Dàda ti gbé máṣìnnì lọ sí Ayete láti àárọ̀. Ó ní òun á tètè dé. Wọ́n retí rẹ̀ títí, kò dé. Búrẹ́mọ̀ fi apá gbá ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọrí sílé, abẹ́ igi káṣú kan lójú ọ̀nà ló sì bí Ọláyídé sí. Nígbà tí Dàda yọ ní ìrọ̀lẹ́, Búrẹ́mọ̀ kò jẹ́ kó la ẹnu. Èébú ló fi pàdé rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n tú máṣìnnì palẹ̀. Dàda gbé ẹ́ńjìnnì, Búrẹ́mọ̀ gbé ìyókù, ọ̀rọ̀ sì tán láàárín wọn.

Ọláyídé mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí òun sí, Abíọ́nà ni wọ́n ń pè é ní kékeré. Kò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀rẹ́ méjì tú ká.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ayete. Ó bá Dàda níwájú ilé rẹ̀, àgbàlagbà gíga kan tí orí rẹ̀ ti funfun, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ọláyídé kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe àti ohun tó gbé òun wá. Bàbá náà wò ó pẹ́.

“Ìwọ ni Abíọ́nà?”

“Èmi ni, sà.”

Ó mú un wọlé, ó sún àpò àgbàdo méjì sẹ́yìn, ó sì tú ọ̀rá tapólì kan. Ẹ́ńjìnnì náà ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Dàda ní ìgbàkígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé lòun máa ń da ọ́ìlì sí i, tí òun á sì fọwọ́ yí i kó má baà gan. Ọláyídé béèrè ìdí tí wọn kò fi tà á láti ọjọ́ yìí. Dàda ní ìdajì nǹkan kò ṣeé tà. Ó ní òun kò ní fi rán an o, òun fúnra òun lòun máa gbé e wá.

Ọláyídé kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé Dàda ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí Dàda sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìgbó-Ọrà, tòun ti àpò ẹ́ńjìnnì léjìká, Búrẹ́mọ̀ ń tún ọgbà ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ó rí i, ó sì dúró.  Mùjídàt gbé bẹ́ńṣì jáde, ó bu omi fún àlejò, àwọn bàbá méjèèjì jókòó, wọn kò sì wo ara wọn. Mùjídàt ló kọ́kọ́ la ẹnu.

“Èmi tí mo bímọ sójú ọ̀nà, mo ti gbàgbé ìrora rẹ̀ tipẹ́. Kí lẹ̀yin méjèèjì ṣì ń gbé kiri?”

Dàda gbé kọ́ọ̀pù omi sílẹ̀. “Táyà ẹ̀yìn ló bẹ́ létí odò. Kò ṣeé gùn mọ́. Inú òjò ni mo ti ń tì í bọ̀.”

“Mo mọ̀,” ni Búrẹ́mọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kò sókè. “Ọ̀dọ̀ mi ni táyà náà wà. Lọ́jọ́ tí a pín in ni mo ti rí ibi tó ya. Ojú ló ń tì mí láti wá bá ọ.”

Dàda fa àpò náà mọ́ra. Ó fọwọ́ nu ojú, ó ṣí ẹnu àpò, ó wá béèrè bóyá spánà ṣì wà nínú ilé yìí. Búrẹ́mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọlé lọ mú un wá.

Ṣọ́ọ̀bù Ọláyídé ní Èrúwà ni wọ́n ti parí iṣẹ́ náà. Ó wá táyà, ó wá kabúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, ó kun táńkì rẹ̀ ní àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá méjèèjì ń wá ní ọjọ́ ọjà, wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí wáyà kan yẹ kó gbà, Ọláyídé á sì jẹ́ kí wọ́n jà á tán kó tó so ó síbi tó yẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, Ọláyídé fẹsẹ̀ ta á títí, kò jí. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tún ta á. Èéfín rú tùù, ẹ́ńjìnnì sì dún. Dàda fi fìlà bo ojú. Búrẹ́mọ̀ gùn ún, Dàda jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà oko, wọ́n sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àyà Ọláyídé fi ń já. Nígbà tí wọ́n dé, eruku pupa bò wọ́n látòkè délẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé.

Ọláyídé rò pé wọn kò ní jẹ́ kí òun tà á mọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ wọn. Dàda ní kó tà á. Búrẹ́mọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, orúnkún àwọn kò gbà á mọ́, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ni kó máa gùn ún. Nígbà tí Akínyẹlé dé, ó gbé ọwọ́ lé táńkì náà. Ó wá béèrè ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.

“Àwa méjèèjì ni,” ni Búrẹ́mọ̀ fèsì.

Látìgbà náà, àwọn bàbá yìí kò jẹ́ kí Ọláyídé sinmi. Wọ́n ti lọ sí Tápà, wọ́n ti lọ sí Ìdèrè, ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ pé alùpùpù àtijọ́ wà ni wọ́n ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè é lórí fóònù Dàda, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn ti rí Honda kan lábẹ́ àká nínú oko kan lẹ́yìn Ìdèrè, ìyá tó ni ín fẹ́ tà á, kó tètè máa bọ̀. Ọláyídé ti ń kó spánà sínú báàgì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.